Iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn ẹ̀yà: Ohun tó wà nílé ìkàwé yunifásítì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè

Iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ kó tó gboyè ní yunifásítì máa ń kó ọ̀pọ̀ láyà sókè. Àwọn kan a máa yàn láti kọ nípa ẹ̀yà tó ń gbé láàárín ìlú: àwọn Hausa ní Sábó, àwọn Ẹ̀gùn ní Àgbádárìgì, àwọn Tápà tàbí àwọn Ìgbìrà. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ohun tó burú ni pé ẹlòmíì yóò kàn wá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti ṣe rí, yóò dà á kọ, yóò sì pa orúkọ dà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ṣi ọdún kan kọ, tàbí tó pe àṣà ẹ̀yà kan ní ohun tí kò jẹ́, àṣìṣe náà di àjogúnbá nìyẹn.

Kì í ṣe máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí ń bà jẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ̀wé nípa wọn ló máa ń dùn jù. Ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ kì í tètè kú. Ó lè di ohun tí wọn yóò gbé jáde lọ́jọ́ tí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, lórí oyè, tàbí lórí ta ni onílùú, ta ni àlejò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìkàwé kó tó gbé kálàmù.

Sábó Ìbàdàn jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú. Ọdún 1916 ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tó ń ṣòwò nílùú náà. Obì gbànja ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń kó lọ sókè Ọya, màlúù ni wọ́n sì ń dà bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ wọn kò ní láti rìn jìnnà, nítorí ilé ìkàwé Kenneth Dike wà nínú ọgbà náà. Òfin ọdún 1950 sì ti sọ ilé ìkàwé yìí di ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òṣìṣẹ́ yìí ni yóò fi yé e pé orúkọ kan ṣoṣo kò tó láti fi wá ẹ̀yà kan nínú àkójọ orúkọ ìwé. “Ibo” ni àwọn ìwé àtijọ́ kọ dípò Igbo. “Sobo” ni ìjọba òyìnbó ń pe àwọn Urhobo títí di ọdún 1938. Nupe ni ìwé ń pe àwọn tí Yorùbá mọ̀ sí Tápà, “Igbirra” ni wọ́n sì ń kọ fún Ìgbìrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí yóò wá a tì, yóò sì máa rò pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan rí.

Lórí Sábó, ìwé méjì wà tí kò yẹ kó fò. Àkọ́kọ́ ni The City of Ibadan, tí Lloyd, Mabogunje àti Awe jọ ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1967. Èkejì ni ìwé tí Abner Cohen gbé jáde lọ́dún 1969 lórí àwọn Hausa tó ń gbé láàárín Yorùbá. Cohen ṣàlàyé bí àwọn onílé ní Sábó ṣe ń gba oníṣòwò sílé, tí wọ́n sì ń dúró fún wọn nínú ọjà àwìn. Ó tún sọ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe wọ ẹgbẹ́ Tijaniyya lẹ́yìn ọdún 1950, tí ẹ̀sìn sì di okùn tó so wọ́n pọ̀ lásìkò tí òṣèlú ń yí padà. Àlàyé ìsàlẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeyebíye, torí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí ìwé mìíràn tó yẹ kó wá lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé pẹ̀lú ń darúgbó. Sábó tí Cohen rí ní nǹkan bí ọdún 1962 kọ́ ni Sábó òní. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iye ènìyàn. Ètò ìkànìyàn ọdún 1963 béèrè ẹ̀yà tí kálukú ti wá. Ti ọdún 1991 àti 2006 kò béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ló sọ iye Hausa tó wà n'Ìbàdàn ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ọgbà yunifásítì yìí kan náà ni National Archives wà, níbi tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé, ló ṣaájú akitiyan tó bí i, kí òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tó jáde lọ́dún 1957. Àwọn ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa ìlú àti ẹ̀yà wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń kà wọ́n rántí ohun tó mú wọn kọ ọ́: wọ́n fẹ́ gba owó orí, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò fi ṣe olórí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pe àwọn kan ní àlejò, èrò ìjọba ìgbà náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbé e lé orí ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì bí bàbá bàbá rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan lílọ sí àdúgbò. Kó gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ̀, kó lọ kí Sarkin Hausawa àti àwọn àgbà, kó sọ ohun tó bá wá, kó sì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ti kà yóò jẹ́ kó mọ ìbéèrè tó ní láárí. Bí ọ̀rọ̀ àgbà bá tako ohun tó wà nínú ìwé, kó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀dà kan yẹ kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ nípa wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé wọn yóò kà á kò ní í kọ ìkọkúkọ.