Ohun Àjèjì Lójú Ọ̀run: Bí Ẹ̀rí Ẹni Tó Rí I Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àwọn Ológun

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá rí ohun kan, tí ohun náà sì ti lọ, ìròyìn ẹni náà ni gbogbo ènìyàn yòókù yóò gbára lé. Kò sí ẹni tó lè padà lọ wò ó. Bí ohun náà bá wá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ta ni ẹni tó rí i yóò sọ ọ́ fún? Ta ni yóò sì gbà á gbọ́?

Láti ọdún 1947 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti ní Faransé ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tàbí ohun kan tó ń fò lójú ọ̀run, wọn kò sì mọ ohun tó jẹ́. Àwọn kan sọ ọ́, wọ́n sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan pa á mọ́ sínú. Àwọn kan sì mú ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn ológun lọ, nítorí pé iṣẹ́ ológun ni láti mọ ohun tó ń kọjá lórí ilẹ̀ wọn.

Ìtàn àwọn tó lọ jẹ́rìí yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan. Pé ohun tí a rí yani lẹ́nu kò tó láti fún ẹ̀rí ní agbára. Agbára ẹ̀rí wà nínú bí a ṣe tètè sọ ọ́, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àti bí ẹni tó gbọ́ ọ ṣe tẹ́tí sí i.

Ìdí tí àwọn ológun fi dá sí ọ̀rọ̀ náà

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1947, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Kenneth Arnold ń wa ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ lọ nítòsí òkè Rainier, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó rí ohun mẹ́sàn-án tó ń dán, tí wọ́n ń sáré gidigidi. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, wọ́n sì pe àwọn ohun náà ní àwo tó ń fò. Láìpẹ́, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá láti ibi gbogbo.

Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà sì ti ń fura sí ara wọn. Àwọn ọ̀gágun ń bẹ̀rù pé bóyá ọ̀tá ló ṣe ọkọ̀ tuntun tó fi ń ṣe amí. Nítorí náà, ní ọdún 1948, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka kan tí yóò máa gba ìròyìn wọ̀nyí tí yóò sì máa wádìí wọn. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ń pe ẹ̀ka náà ní Blue Book, èyí tó túmọ̀ sí ìwé aláwọ̀ búlúù. Ibùdó rẹ̀ wà ní Wright-Patterson, ní ìpínlẹ̀ Ohio.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí yóò gba ìwé ìbéèrè. Àwọn ìbéèrè náà rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n jinlẹ̀. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó sì ni? Níbo ni o dúró sí? Ìhà wo ni o kọjú sí? Ìṣẹ́jú mélòó ni o fi wò ó? Ǹjẹ́ ó kọjá lẹ́yìn igi tàbí lẹ́yìn ilé? Bí o bá na apá rẹ, tí o mú owó ẹyọ kan dání, ǹjẹ́ ohun tí o rí tóbi ju owó náà lọ? Wọn a tún ní kí ó ya àwòrán ohun náà.

Ìbéèrè wọ̀nyí wúlò púpọ̀. Olùwádìí lè fi ọjọ́ àti aago wo ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, kí ó rí ìràwọ̀ tó wà ní ìhà ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lè béèrè lọ́wọ́ pápákọ̀ òfuurufú bóyá ọkọ̀ kan kọjá. Ó lè mọ̀ bóyá àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi bàlúùnù ńlá ránṣẹ́ sókè lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni ìdáhùn máa ń wà níbẹ̀. Àgùàlà wà lára àwọn tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Àwọn Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá oṣù ni. Bákan náà ni ẹni tó ń wakọ̀ lóru lè rí àgùàlà lókè igi, kí ó rò pé ìmọ́lẹ̀ náà ń tẹ̀ lé òun. Bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, ìmọ́lẹ̀ náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ojú rẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ́.

Ọlọ́pàá ìlú Socorro

Ẹ̀rí kan wà tí àwọn ológun kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní ìlú Socorro, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ló jẹ́ ẹ. Lonnie Zamora ni orúkọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1964, Zamora ń lé ọkọ̀ kan tó ń sáré àsápajúdé. Ó gbọ́ ariwo ńlá, ó sì rí iná lójú ọ̀run. Ilé kékeré kan wà ní ìhà ibẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta sí. Zamora rò pé ilé náà ló bú gbàmù. Ó fi ọkọ̀ tó ń lé sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà olókùúta gun òkè lọ.

Láti òkèèrè, ó rí ohun funfun kan tó ń dán nínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ kan ló dojú dé. Ó rí ẹni méjì tó wọ aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó rí i pé ohun náà rí bí ẹyin, àmì pupa kan sì wà lára rẹ̀. Lójijì, ariwo náà tún bẹ̀rẹ̀, iná sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Zamora sá. Ó kọ lu ọkọ̀ rẹ̀, awò ojú rẹ̀ sì já bọ́. Ohun náà gbéra, ó sì fò lọ.

Zamora ti fi rédíò ọkọ̀ rẹ̀ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọlọ́pàá mìíràn, Sam Chavez, dé ibẹ̀. Chavez kò rí ohun tó fò náà. Ṣùgbọ́n ó rí igbó tó jóná tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Ó rí ihò mẹ́rin nínú ilẹ̀. Ó sì rí i pé ẹ̀rù ti ba Zamora gidigidi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Richard Holder wá láti pápá ìdánwò ohun ìjà White Sands. Òun àti òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ kan gba ẹ̀rí Zamora sílẹ̀. Wọ́n wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Blue Book rán Allen Hynek wá. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni Hynek, òun sì ni olùdámọ̀ràn àwọn ológun lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1948. Kì í tètè gba ìtàn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá Zamora sọ̀rọ̀ tán, ó gbà pé olóòótọ́ ni.

Àwọn ológun béèrè káàkiri bóyá ọkọ̀ ìdánwò kan wà ní agbègbè náà lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò rí ọ̀kan. Àwọn kan sọ pé bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú náà ló fi Zamora ṣe eré, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó fi ìdí èyí múlẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò mọ ohun tó jẹ́.

Kí ló mú ẹ̀rí yìí lágbára? Zamora kò fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹlòmíràn dé ibẹ̀ nígbà tí iná kò tíì kú tán. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Zamora fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé àwọn ará ayé mìíràn ni òun rí. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì dúró níbẹ̀. Àwọn àlejò àti àwọn oníbéèrè dà á láàmú títí ó fi sú u láti máa sọ ọ́. Síbẹ̀, títí tó fi kú ní ọdún 2009, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹ̀sín wọ ọ̀rọ̀ náà

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹta ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ ní ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn ọlọ́pàá wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga Hillsdale náà wà lára wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn ń fẹ́ ìdáhùn kíákíá. Hynek sọ fún wọn pé nínú àwọn ibi tí wọ́n ti rí i lẹ́bàá àbàtà, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ inú àbàtà ló gbiná. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan yìí ni gbogbo ènìyàn gbé kiri.

Ẹ̀rín gba orílẹ̀-èdè náà kan. Àwọn kan fi àwọn ológun rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn fi àwọn ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín. Inú bí àwọn ará Michigan, nítorí pé ó dà bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n ní òmùgọ̀. Aṣojú wọn nílé aṣòfin, Gerald Ford, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ní kí ilé aṣòfin gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ilé aṣòfin pe àwọn ológun wá dáhùn ìbéèrè.

Ewu ńlá wà nínú irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò ní padà wá lọ́la. Aládùúgbò rẹ̀ tó gbọ́ ẹ̀rín náà kò ní wá rárá. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ohun tí wọ́n rí jẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá, ta ni yóò sọ fún ológun?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1969, àwọn ológun kéde pé Blue Book ti parí. Ìròyìn 12,618 ni wọ́n ti gbà. Wọ́n rí ìtumọ̀ sí èyí tó pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n 701 ṣẹ́ kù tí wọn kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ológun ní nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó fi hàn pé ewu wà fún orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn gendarme ilẹ̀ Faransé

Ní Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní ọdún 1977, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ òfuurufú, CNES, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ìlú Toulouse. GEIPAN ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀ka náà kéré, kò sì lè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n gendarme wà káàkiri. Ọmọ ogun ni gendarme, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá láàárín àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá rí nǹkan yóò lọ sí ibùdó wọn. Wọn yóò kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ ti ọ̀ràn èyíkéyìí, wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ sí Toulouse.

Ọ̀ràn kan tó lókìkí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1981, ní Trans-en-Provence, ní gúúsù Faransé. Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró kan bí ẹni ń súfèé. Ó ní ohun kan tó dà bí àwo méjì tí a dé mọ́ra sọ̀ kalẹ̀, kò pẹ́, ó sì tún fò lọ. Àmì kan tó rí roboto wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé etí aládùúgbò, àwọn gendarme sì gbọ́. Wọ́n dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kọ ẹ̀rí ọkùnrin náà, wọ́n ya àwòrán àmì náà, wọ́n sì bu erùpẹ̀, wọ́n já ewéko. Ó tó nǹkan bí ogójì ọjọ́ kí àwọn onímọ̀ láti Toulouse tó dé. Bí àwọn gendarme kò bá tètè ṣe iṣẹ́ wọn, òjò àti ìrìn ẹsẹ̀ ìbá ti ba ohun púpọ̀ jẹ́.

Àwọn onímọ̀ ní ohun kan ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ilẹ̀ náà sì ti gbóná. Wọ́n ní ewéko tó wà nítòsí àmì náà ti yí padà. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní táyà ọkọ̀ lè ṣe irú àmì bẹ́ẹ̀. GEIPAN kò sọ pé ará ayé mìíràn ni, kò sì pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Ó ní àwọn kò rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ni GEIPAN fi ń ya àwọn ìròyìn sọ́tọ̀. A ni èyí tí wọ́n mọ ohun tó jẹ́ dájú. B ni èyí tí ó jọ pé wọ́n mọ̀. D ni èyí tí àlàyé tó wà lórí rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ tí wọn kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. C ló yẹ kí a ronú lé lórí jù. C ni ìròyìn tí wọn kò lè ṣe ohunkóhun sí, nítorí pé àlàyé inú rẹ̀ kò tó. Ó lè jẹ́ pé ẹlẹ́rìí náà rí ohun ńlá. Ṣùgbọ́n kò rántí ọjọ́, tàbí kò mọ ìhà tó kọjú sí, tàbí ó pẹ́ jù kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú ìròyìn sún mọ́ àfojúbà kò ju èyí lọ. Kí ẹni tó rí nǹkan wo aago. Kí ó mú bébà àti bíírò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó bá ẹlòmíràn jíròrò, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn má baà dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Kí ó kọ ibi tó dúró sí, àwọ̀ tó rí, ìró tó gbọ́, àti bí ó ti pẹ́ tó. Kí ó ya àwòrán rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ àwòrán yà. Ohun tí kò bá rí, kí ó má ṣe kọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ di iṣẹ́ olùwádìí. Kí olùwádìí náà sì gbọ́ ọ títí dé òpin, kí ó má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.