Máàpù Afèsì Nínú Ìròyìn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀ Orúkọ Ibi Ní Ìlọrà

Máàpù, ìyẹn àwòrán ilẹ̀, kì í ṣe àjèjì nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé kì í yí padà. Máàpù afèsì orí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: bí òǹkàwé bá fọwọ́ kan àmì kan lórí rẹ̀, ìròyìn ibẹ̀ yóò jáde, bí ó bá fẹ̀ ẹ́, òpópónà àti agboolé yóò hàn.

Àpẹẹrẹ pàtàkì kan wá láti Kẹ́ńyà. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2007, wọ́n dá Ushahidi sílẹ̀ ní ọdún 2008. ‘Ẹ̀rí’ ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Swahili. Ará ìlú ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ohun tí ojú wọn rí, wọ́n sì ń fi àmì sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí máàpù.

Àmọ́ ibi tí kò sí lórí máàpù kò ní ojú tí ìròyìn rẹ̀ yóò dúró sí. Ní Makòko, l'Ékòó, níbi tí ìjọba ti wó ọ̀pọ̀ ilé orí omi ní oṣù Keje ọdún 2012, ọ̀nà omi àti ilé púpọ̀ kò hàn lórí máàpù fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2019 ni Code for Africa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò náà ní lílo dírónù láti ya àwòrán rẹ̀ láti òkè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ Ilora láìsí àmì, lẹ́tà kan péré ló yà á sọ́tọ̀ sí Ilara. Bí lẹ́tà méjì bá sì pààrọ̀ àyè, ó di Ilaro ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Akọ̀ròyìn tó bá ṣi orúkọ tẹ̀ lè gbé jàǹbá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ sí ìlú mìíràn, kí ó sì kó ìpayà bá ẹbí tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láti ọdún 2004 ni OpenStreetMap ti wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi orúkọ ibi kún un. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá béèrè orúkọ agboolé àti ọjà lọ́wọ́ àgbà ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó tọ́, kí wọ́n sì gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akọ̀ròyìn má ṣe fi àmì sí ojúlé ẹni tí láabi ṣẹlẹ̀ sí. Orúkọ àdúgbò ti tó.