Ohùn Olólùfẹ́ Nínú Ẹ̀rọ: Orúkọ wo ni ó Tọ́ sí i?

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn pè é, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Orúkọ náà tọ́, nítorí pé ìṣe ẹ̀rọ náà gan-an ni ó sọ. Ẹ̀rọ mìíràn ti dé báyìí tí ó ń gbọ́ ìbéèrè, tí ó sì ń dáhùn. Irú rẹ̀ ni Alexa, tí ilé-iṣẹ́ Amazon gbé jáde ní ọdún 2014. Agbọ́rọ̀fèsì ni orúkọ tí ó bá irú ẹ̀rọ yìí mu.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ní ìlú Las Vegas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Amazon fi fídíò kan han àwùjọ. Nínú rẹ̀, ọmọdé kan bèèrè bóyá ìyá àgbà lè ka ìwé The Wizard of Oz parí fún òun. Alexa jẹ́ ẹ, ó sì ń kà á ní ohùn ìyá àgbà. Rohit Prasad, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ṣàlàyé pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 1 ti tó fún ẹ̀rọ náà. Ó mẹ́nu ba àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà mú ènìyàn wọn lọ. Kókó ọ̀rọ̀ ni pé ìyá àgbà kò ka ìwé náà rí fún ẹ̀rọ. Ìrísí ohùn rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ mú, tí ó fi wọ ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Kí ni kí olùtúmọ̀ pe irú ohùn bẹ́ẹ̀? "Ohùn òkú" kò tọ́: òkú kò sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè ṣe ti alààyè pẹ̀lú. "Ohùn àtọwọ́dá" tọ́, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù, nítorí pé ó kan ohùn ẹ̀rọ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. "Ohùn àfijọ" ni ó ṣe déédéé: ó sọ pé ohùn náà jọ ti ẹnìkan, ó sì sọ pé àfiṣe ni jíjọ náà.

Ọ̀rọ̀ náà "ohùn" fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nínú gírámà, òun ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ní ẹnu ará ilé, òun ni èyí tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ tí yóò sọ Yorùbá ní ohùn ìyá ẹnìkan gbọ́dọ̀ mú méjèèjì tọ́. Bí ó bá pe ọkọ̀ ní ọkọ́, àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìyá wọn.

Kì í ṣe ohun àjèjì fún Yorùbá pé kí ará ọ̀run bá alààyè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, egúngún kì í fi ohùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ olóògbé sọ̀rọ̀. Yíyí ni ó ń yí ohùn padà. Ohùn yíyí yẹn ni ààlà. Ẹ̀rọ ti wó ààlà náà, orúkọ ni ó kù tí ó lè tún un mọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àjọ FTC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí. Nítorí náà, "ohùn àfijọ ìyá àgbà" ni kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti wí, kì í ṣe "ohùn ìyá àgbà". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàrin méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́ wà.