«Bí iná bá lọ ńkọ́?»: Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bèèrè kí ẹ tó ra pọ́ǹpù fún táǹkì iyùn

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Màmá wa ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé sí ilé wa ní Bowie, ní Prince George's County. Ìjì ti jà lóru, iná sì ti lọ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n tan iná fóònù wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì láti wo táǹkì ẹja àbúrò mi. Omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹja mẹ́ta nínú márùn-ún ti kú, wọ́n léfòó sójú omi.

Mo wà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì lọ́jọ́ náà. Fọ́tò ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọmọ ọdún 17 ni. Owó iṣẹ́ tó ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀ ló fi ra táǹkì náà, ó sì tó ọdún kan tó fi ń tọ́jú rẹ̀ kí ìjì yẹn tó jà.

Nígbà tí Dádì gbọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: «Nígbà tí o ń ra ẹ̀rọ yẹn, ṣé o bèèrè pé bí iná bá lọ ńkọ́?»

Kò bèèrè. Ẹni tó tà á fún un náà kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Dádì ti dàgbà, ẹni tó bá sì dàgbà lábẹ́ NEPA kì í ra ohun tó ń lo iná láì kọ́kọ́ ronú nípa ọjọ́ tí iná kò ní sí. Àwa tí wọ́n bí síbí ni a máa ń rò pé iná kì í lọ.

Kí ló dé tí omi fi gbọ́dọ̀ máa rìn?

Ẹ ti rí iyùn lọ́rùn ìyàwó níbi ìgbéyàwó rí. Egungun ẹranko inú òkun ni. Èyí tó pupa, tí àwọn ọba wa fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, inú Òkun Mẹditaréníà ni irú rẹ̀ ń gbé. Àwọn oníṣòwò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn iyùn tí à ń sìn nínú táǹkì jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Ẹranko ni iyùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan ló máa ń wà. Omi ló ń gbé oúnjẹ wá bá a, omi náà ló ń kó ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Bí ojú omi bá sì ń ru, ọ́síjìn á máa wọ inú omi láti inú afẹ́fẹ́. Omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ tó omi tútù tí kò níyọ̀. Nítorí náà, bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, láàárín wákàtí mélòó kan, ẹja lè máa wá èémí lójú omi.

Kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti fi iṣẹ́ ìgbì han àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1980, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Walter Adey, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé táǹkì ńlá kan kalẹ̀ ní National Museum of Natural History ti Smithsonian ní Washington. Iyùn tó wà láàyè ló wà nínú rẹ̀. Adey ti ṣe ìwádìí nípa iyùn nínú òkun Caribbean, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń dá ìgbì sílẹ̀ sí ara táǹkì náà.

Nọ́ńbà ara páálí nìkan kò tó

Pọ́ǹpù tí à ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní wavemaker ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa da omi kiri inú táǹkì. Ó yàtọ̀ sí pọ́ǹpù tó ń gbé omi láti inú àpótí ìsàlẹ̀ padà sókè.

Ara páálí ni ẹ ó ti rí iye gálọ́ọ̀nù omi tó lè tì láàárín wákàtí kan. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin iyùn ń lò kò le. Bí iyùn yín bá jẹ́ irú èyí tí ara rẹ̀ rọ̀, ẹ sọ ìwọ̀n táǹkì yín di ìlọ́po 10 sí 20. Bó bá jẹ́ èyí tó le bí òkúta tó sì ní ẹ̀ka, ẹ lọ sí ìlọ́po 20 sí 40, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táǹkì àbúrò mi gba gálọ́ọ̀nù 40, iyùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó rọ̀. 40 lọ́nà 20 jẹ́ 800.

Pọ́ǹpù kan tó ń ti 800 ló kọ́kọ́ rà. Nọ́ńbà náà pé, ṣùgbọ́n ojú kan ni omi ń dojú kọ. Iyùn tó wà níwájú pọ́ǹpù ká ara rẹ̀ kò, kò là mọ́. Lẹ́yìn òkúta, ìdọ̀tí jókòó sórí yanrìn. Bí ẹ bá ti dúró nínú omi rí ní Ocean City, ẹ mọ̀ pé òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á tì yín, á sì tún fà yín padà. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù kékeré méjì ní ìgun méjì fi sábà máa ń dára ju ńlá kan lọ.

Ẹ tún wo bí omi ṣe ń jáde. Àwọn pọ́ǹpù àtijọ́ ń tu omi bí ìgbà tí èèyàn fi ìka dí ẹnu róbà omi: tóóró, ṣùgbọ́n ó le. Àwọn tuntun ní abẹ́ bíi ti fáànù, omi wọn fẹ̀, ó sì rọ̀ lára iyùn. Ilé iṣẹ́ Tunze ní Jámánì wà lára àwọn tó sọ irú èyí di olókìkí. Ní Pennsylvania níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lehigh ló dá EcoTech Marine sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pọ́ǹpù VorTech tiwọn wà lẹ́yìn gíláàsì, mágínẹ́ẹ̀tì ló sì ń yí abẹ́ rẹ̀ nínú omi. Wáyà kankan kò wọ inú omi, ooru ẹ́ńjìnnì náà kò sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí gíláàsì yín ṣe nípọn tó kí ẹ tó rà á.

Ìdáhùn sí ìbéèrè Dádì

Oríṣi iná méjì ni àwọn pọ́ǹpù yìí ń lò. AC ń gba iná láti ara ògiri tààrà. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju eré kan ṣoṣo lọ. DC ní àpótí kékeré tí ẹ lè fi dín eré rẹ̀ kù tàbí kí ẹ fi yí i padà bí ìgbì. Ọ̀pọ̀ DC ló sì ṣeé so mọ́ bátìrì. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó sanwó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn.

Bí owó yín kò bá tó, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré wà tó ń lo bátìrì, tó máa ń tan ara rẹ̀ bí iná bá ti lọ. Kò lè dá ìgbì sílẹ̀, ṣùgbọ́n á ru ojú omi, ìyẹn ni ẹja nílò jù lóru ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má tàn án ní bésímẹ́ǹtì tàbí gáréèjì láé. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn.

Ẹ má sọ pé Maryland kì í ṣe Nàìjíríà. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ìjì ńlá jà ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2012. Àwọn ilé kan ní ìpínlẹ̀ yìí wà láìsí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nínú ooru.

DC kékeré méjì ni àbúrò mi wá rà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ti 800. Ìdajì eré ló ń lò wọ́n, wọn kò sì pariwo. Ó kọ ọ̀kan sójú omi. Ó jẹ́ kí wáyà wọn rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè lọ sí ibi iná, kí omi má baà tọ wáyà dé ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì-mẹ́ta, ó ń rẹ abẹ́ wọn sínú fínígà tó lomi, nítorí ohun funfun bí ẹfun máa ń dì mọ́ wọn lára.

Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Sátidé kan, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára iná ògiri, ó so pọ́ǹpù kan mọ́ bátìrì, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú aago.

Ní oṣù tó kọjá, iná tún lọ lóru. Dádì pe àbúrò mi láti òkè: «Wákàtí mélòó ni bátìrì yẹn máa lò?»

«Wákàtí 19 ni, sà,» ló dáhùn. «Mo ti wò ó.»

Dádì padà lọ sùn.