Bí Ẹ̀jẹ̀ Ẹlòmíràn Bá Kàn Yín Lẹ́nu Iṣẹ́: Ẹ Má Dúró De Ìwé

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́

Ìdí tí a fi kọ ọ́

Àwọn ọlọ́pàá ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa nílé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ á gún ẹnì kan lọ́jọ́ Ẹtì níbi tó ti ń yẹ àpò afurasí wò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò yọjú. Oògùn tí ì bá gbà á lọ́wọ́ kòkòrò HIV, èyí tí wọ́n ń pè ní PEP, wà nílẹ̀, àmọ́ àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

Wákàtí 72 ni òpin. Ọjọ́ mẹ́ta péré nìyẹn, ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ gan-an la sì ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ṣe tètè lo oògùn náà tó ni yóò ṣe ràn yín lọ́wọ́ tó.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Gbogbo yín ni, láti orí kọ́ńsítébù dé orí ọ̀gá pátápátá, títí kan àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó àti àwọn tó ń fọ àtìmọ́lé. Ẹ wá bí:

– abẹ́rẹ́, abẹ tàbí ọ̀bẹ tó lẹ́jẹ̀ lára bá gún yín tàbí tó ya yín;
– ẹ̀jẹ̀ bá ta sí yín lójú, lẹ́nu tàbí sójú egbò, bóyá níbi tí ẹ ti ń gbé ẹni tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀;
– ẹnikẹ́ni bá gé yín jẹ tí awọ ara yín sì bó.

Òógùn, ìtọ̀ àti itọ́ tí kò lẹ́jẹ̀ nínú kì í kó HIV ranni.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ni, omi nìkan ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fún ojú egbò náà, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má da ògógóró, bẹntiróòlù tàbí Jik sí i.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ dúró dè

Ìwé láti ọ̀dọ̀ DPO. A kò bèèrè rẹ̀ kí a tó fún yín ní oògùn. Ẹ gba oògùn ná, kí ẹ tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú ìwé àgọ́.

Èsì àyẹ̀wò afurasí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà lè ṣe àyẹ̀wò kó má hàn. Bí èsì bá fi hàn lẹ́yìn náà pé kò sí ewu, a ó dá oògùn dúró. Ẹ má lu ẹnikẹ́ni nítorí àyẹ̀wò, ẹ má sì fipá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé. Bí ẹ̀ka wa bá ti tì, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV. Ẹ sọ fún wọn pé, “Ẹ̀jẹ̀ kàn mí lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́ PEP.”

Owó. Ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kí òun lè bá yín yára gba káàdì ń rẹ́ yín jẹ ni. Ẹ má sì ra oògùn ní kẹ́míìsì: ampíklọ́ọ̀sì kò lè dá HIV dúró.

Ìtìjú. Gbígba oògùn yìí kò túmọ̀ sí pé ẹ ní HIV. A kì í sọ èsì yín fún ọ̀gá yín, a kì í sì í fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ohun tí a ó ṣe fún yín

Ẹ ó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì níwájú wa. Ọjọ́ 28 gbáko ni ẹ ó fi lò ó. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ wá sọ fún wa, ẹ má dá a dúró fúnra yín. A ó ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Títí di ìgbà náà, ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Hepatitis B

Àrùn ẹ̀dọ̀ yìí ń ranni ju HIV lọ. Bí abẹ́rẹ́ tó ní kòkòrò HIV bá gún 1,000 ènìyàn, bíi 3 ló lè kó o. Bó bá jẹ́ Hepatitis B ni, tí wọn kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n lè tó 300. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ méje nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí àga ọkọ̀ tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti lóṣù kẹfà. Ẹ gbà á kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ewu yòókù

Ikọ́ ife: bí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tiyín tàbí ti ẹni tó wà látìmọ́lé, ẹ wá fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Etí: ẹ fi ohun ìdíwọ́ ariwo sétí nígbà ìdánrawò ìbọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ jẹ́ kí a máa wọ̀n ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgọ́

Ẹ lẹ ìwé yìí mọ́ ògiri lẹ́bàá káńtà. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọmọ iṣẹ́ yín lóru, ẹ fún un ní ọkọ̀ àti ẹni tí yóò sìn ín lọ, kí ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yẹ kó tún máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.