Bí A Ti Ń Ṣí Ọ̀nà fún Bluetooth nínú Kernel Linux

Bluetooth ni a ń pe ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù tàbí kíbọ́ọ̀dù tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ láìlo wáyà. Ilé-iṣẹ́ Ericsson ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1994; àlàjẹ́ Harald, ọba Denmark ayé àtijọ́, ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún 2001 ni ètò rẹ̀ ti wà nínú kernel Linux, èyíinì ni olórí ètò tí ń darí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ to kernel fúnra rẹ̀ yóò pa àṣẹ make menuconfig. Ìbéèrè púpọ̀ ni yóò bá pàdé níbẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta ni ó sì sábà máa ń wà: y, pé kí a mọ nǹkan náà mọ́ kernel, m, pé kí a yà á sọ́tọ̀, kí a máa pè é nígbà tí a bá nílò rẹ̀, n, pé a kò fẹ́ ẹ.

CONFIG_BT ni ìbéèrè kìn-ín-ní. Àwọn mìíràn a dáhùn rẹ̀, wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè nìkan ni CONFIG_BT gbọ́. A kò tíì rán ìránṣẹ́ tí yóò mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ Bluetooth inú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ náà bá gba ojú USB wọlé, CONFIG_BT_HCIBTUSB ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tún ń fẹ́ CONFIG_BT_HIDP tàbí CONFIG_UHID, gẹ́gẹ́ bí irú wọn bá ti rí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi bí a bá kọ́kọ́ fún wọn ní firmware, tí ó wà nínú dísìkì. Bí a bá dáhùn y, kernel lè wá firmware náà lọ kí dísìkì tó ṣí sílẹ̀, kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà ni m fi sàn jù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn ni ó yẹ ní ṣíṣí. Ní ọdún 2017 ni àṣírí BlueBorne tú: àbùkù tí ẹni tí ó wà nítòsí lè tipasẹ̀ rẹ̀ gba àkóso kọ̀ǹpútà tí Bluetooth rẹ̀ wà ní títàn. A ti tún un ṣe, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì parẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun tí yóò fi Bluetooth ṣe, n ni ìdáhùn ọlọ́gbọ́n.