Ìrókò: Orúkọ Rẹ̀, Pákó Rẹ̀, àti Ọmọ Rẹ̀ Tí Kì í Dàgbà

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti di ti gbogbo ayé lẹ́nu iṣẹ́ òwò kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìrókò. Ní Gánà, odum ni wọ́n ń pe igi yìí; ní Kẹ́ńyà, mvule ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tiwa ni ẹ ó bá nínú ìwé ọjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lórí tábìlì ìrókò láìmọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n gbé ìwé lé. Ní Bràsíìlì, níbi tí igi náà kò sí, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ fi orúkọ náà sọ igi mìíràn tí ó jẹ́ ẹbí ọ̀pọ̀tọ́. Wọn kò sì ṣìnà púpọ̀, nítorí pé ìrókò pàápàá, lójú àwọn onímọ̀ igi, ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀pọ̀tọ́.

Kí ni ó sọ pákó yìí di àpọ́nlé? Bí a bá la gẹdú ìrókò, àwọ̀ méjì ni a óò rí. Èyí tí ó wà lábẹ́ èèpo funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ti inú pọ́n bí oyin, oòrùn a sì máa sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ti inú yìí ni ìrókò gan-an. Bí igi náà ti ń dàgbà, inú rẹ̀ kò gbé omi mọ́; igi a wá rọ oríṣiríṣi èròjà sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní chlorophorin sì wà lára wọn. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni ikán àti olú tí ń mú igi rà kò fẹ́ rí. Ara funfun tí ó wà lóde kò ní ààbò yìí. Mo ti fojú winá rẹ̀ rí: férémù ilẹ̀kùn tí mo fi owó gọbọi rà, kò pé ọdún mẹ́ta tí ikán fi sọ ọ́ di ìyẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi kò purọ́, ìrókò ni lóòótọ́. Èmi ni n kò bèèrè ibi tí wọ́n ti là á lára igi.

Inú pákó náà kì í sábà wọ́ bí ó bá ti gbẹ dáadáa, ó sì ń gba òjò àti oòrùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi í ṣe ilẹ̀kùn ìta, àga ọgbà àti ọkọ̀ ojú omi. Mítà kan ní ìbú, ní òòró àti ní gíga rẹ̀ a máa wọ̀n tó 650 kílò, síbẹ̀ ó ń léfòó.

Ṣùgbọ́n ó ní ìjà tirẹ̀. Àwọn alayùn mọ̀ pé òkúta a máa wà nínú ìrókò. Kì í ṣe àlọ́. Igi náà ni ó ń ṣe é fúnra rẹ̀, láti inú irú èròjà tí ó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Ayùn tí ó bá bá a pàdé, eyín rẹ̀ lọ! Lẹ́búlẹ́bú pákó náà ńkọ́? Ó ń mú ara yún, ó ń fa ikọ́ àti ikọ́ fée. Kí káfíńtà má ṣe gbàgbé láti bo imú.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti gbígbìn. Àwọn àgbà ní, ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni a ń ṣẹ́ ẹ, torí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Kòkòrò tín-ín-tín kan tí ń jẹ́ Phytolyma ni ó gba òwe yìí gbọ́ jù. Ẹ̀ka tútù ìrókò kékeré ni ó ń yé ẹyin sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ a wọ inú ọ̀mùnú, ibẹ̀ a wú bí oówo, a bẹ́, a jẹrà, orí igi a sì kú. Bí ẹgbẹ̀rún bá wà lójú kan, àsè ni a tẹ́ fún un. Nítorí náà ni oko igi ìjọba fi kún fún tíìkì àti gẹ̀mẹ́línà, tí í ṣe àlejò láti Éṣíà, tí ìrókò onílé kò sì tó nǹkan nínú wọn.

Nínú igbó, àdán ni ó ń gbin ìrókò. A jẹ èso rẹ̀, a sì yàgbẹ́ irúgbìn káàkiri. Ṣùgbọ́n ìrókò ní akọ, ó ní abo. Bí a bá gé akọ tí ó wà nítòsí, abo a so èso asán. Àwọn onímọ̀ igbó ti ń gbìyànjú láti gbìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ òjìji, kí kòkòrò náà má baà tètè rí i. Bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe nìyẹn láti ìgbà pípẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko tí wọ́n sì dá ọ̀dọ́ ìrókò kan sí láàárín kòkó.